Ìda Ni Kí Ẹ Fi Lẹ̀ Mí

“Kí lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ kí ni?” Onígọ́ọ̀mù béèrè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kántà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò fún ènìyàn. “Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún mi ná. Irin mọ́ igi ni, àbí ike mọ́ ike?”

“Gbogbo rẹ̀ ni,” Gáàdì fèsì.

“Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró sí ibí yìí láti àárọ̀ títí dọ̀sán torí gọ́ọ̀mù ìdí igi kan ṣoṣo?”

Kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan ni ọkùnrin náà ń tà. Ìṣó wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti okùn náà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù nìkan ló máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Gáàdì náà kò yàtọ̀. Iṣẹ́ gáàdì ló ṣe ní rélùwéè. Òun ló máa ń wà nínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá, fèrè lẹ́nu, àsíá lọ́wọ́, tí dírẹ́bà tó wà níwájú lọ́hùn-ún kò sì gbọdọ̀ ṣí kúrò lójú kan títí òun yóò fi júwọ́ sí i. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, àmọ́ orúkọ yẹn kò bá a fẹ̀yìn tì.

“Ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun,” ó ṣàlàyé. “Lọ́jọ́ Sátidé ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó wa. Gbogbo nǹkan tó wà lórí tábìlì ojú irin kékeré mi yẹn ni mo gbọ́dọ̀ lẹ̀ kó dúró gbọn-in. Èyí tí kò bá lẹ̀ dáadáa, ojú ọ̀nà ló máa já bọ́ sí.”

“Ẹn-ẹ́n! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀.” Onígọ́ọ̀mù yí padà sí pẹpẹ rẹ̀. Ó gbé ìgò gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò kalẹ̀. “Ti òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko nìyí. Tó bá gbẹ tán, ojú ò ní rí i mọ́.” Ó gbé túùbù méjì tí wọ́n so pọ̀ tì í. “Ìbejì nìyí, ti ẹsẹ̀ afárá. Ẹ pò wọ́n pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò fẹ́ kánjúkánjú.”

“Mo mọ̀ wọ́n.”

“Ti àwọn tó ń tún bàtà ṣe ńkọ́?”

“Gbé ìyẹn kúrò lójú mi. Ó ti jẹ òkè kan fún mi rí.”

Òótọ́ ló sọ. Fóòmù ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn òkè orí tábìlì náà, gọ́ọ̀mù bàtà a sì máa jẹ fóòmù. Lọ́jọ́ tí Gáàdì fi í lẹ òkè àkọ́kọ́, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹun tán, òkè ti di kòtò. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òkè tó ń wọlẹ̀ lọ rí. Wọ́n da omi ọ̀dà sí i, wọ́n sọ ọ́ di adágún odò, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

“Súpà gúlù ńkọ́? Ẹ̀kán kan péré, gbàrà, ó ti dì.”

“Ìyẹn ò gbọdọ̀ dé yàrá yẹn. Ìwọ náà mọ ohun tó máa ń fi ojú fèrèsé ṣe.”

“Mo mọ̀, mo kàn ń dán yín wò ni. Ìyáàfin yín nìkan ló ń rà á lọ́wọ́ mi, fún bàtà wọn.” Onígọ́ọ̀mù na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà. “Àwọn náà dà? Ta ló máa bá yín jiyàn lónìí?”

Bí tọkọtaya náà bá wá ra gọ́ọ̀mù, ńṣe làwọn oníbàárà yòókù máa ń dúró wòran. Bí ọkọ bá ní funfun, ìyàwó á ní ìbejì. Onígọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń fi ṣe adájọ́, ẹni tó bá sì dá láre, ìkejì kò ní kí i títí wọ́n á fi kúrò níbẹ̀.

Gáàdì tẹjú mọ́ kántà. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúkú gùn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Bí àwọn ènìyàn bá kí i kú ará fẹ́ra kù, orí ló máa ń mì fún wọn, á sì yára bá tirẹ̀ lọ. Onígọ́ọ̀mù ni kò tíì gbọ́, torí ó lọ ra ọjà nílùú mìíràn nígbà náà.

“Wọ́n wà nílé,” ló sọ.

“Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ tiẹ̀ dúró.” Onígọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ kántà, ó sì fi bébà wé nǹkan kékeré kan. “Ẹ bá mi fún wọn. Ìda tí wọ́n fẹ́ràn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ sọ pé èmi ni mo fi ta wọ́n lọ́rẹ.”

Gáàdì gbà á. Ó dúpẹ́ lórúkọ ìyàwó rẹ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí bá ara rẹ̀ wí. Kí ló dé tó fi purọ́ fún ọmọlúàbí ènìyàn? Àmọ́ bó ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Ó wà nílé lóòótọ́. Gáàdì ni kò tíì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí bàbá náà ti dàrú.

Yàrá tí ọmọ wọn obìnrin ń sùn sí kó tó lọ sílé ọkọ ni tábìlì náà wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo yàrá náà tán. Ojú irin kékeré yí i ká. Ibùdókọ̀ kan wà láàárín, afárá wà, ihò abẹ́ òkè wà, ilé ìwé, igi, àgùntàn. Ọkọ̀ ojú irin tó wà níbẹ̀ kò gùn ju apá ènìyàn lọ: ẹ́ńjìnì, àwọn ọkọ̀ èrò, àti ọkọ̀ gáàdì lẹ́yìn pátápátá. Inú ọkọ̀ gáàdì yìí ni Gáàdì lẹ ère ara rẹ̀ sí, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ìbejì ló fi lẹ̀ ẹ́. Iná ọ̀run nìkan ló kù tó lè ṣí i.

Ìyàwó rẹ̀ náà ní ère tirẹ̀. Pásẹ́ńjà ni Gáàdì ń pe ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin, Pásẹ́ńjà náà ni wọ́n sì sọ ère yẹn. Kò tóbi ju èékánná lọ. Obìnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á nínú páálí ère tí wọ́n rà. Ó yọ gbogbo àwọn tó dúró sọ́tọ̀, ó mú èyí tó jókòó. Ó fi ọ̀dà yẹ́lò kun ìborùn rẹ̀. Gáàdì ti po ìbejì sílẹ̀, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, ni ìyàwó rẹ̀ bá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìda ni kí ẹ fi lẹ̀ mí.”

“Ìda kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ìgbà díẹ̀ ló fi ń di nǹkan mú.”

“Ìgbà díẹ̀ náà tó mi. Ṣé kí n wá máa wo ògiri kan náà títí ayé ni? Tó bá wù mí, mo fẹ́ dìde.”

Bó ṣe di eré nìyẹn. Láràárọ̀, kí Gáàdì tó jí dáadáa, ìyàwó rẹ̀ á ti yọ Pásẹ́ńjà níbi tó wà, á fi ìda díẹ̀ sí i nídìí, á sì lọ fi í pa mọ́ síbòmíràn. Gáàdì gbọ́dọ̀ rí i kí tíì rẹ̀ tó tutù. Bí kò bá rí i, òun ló máa fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti bá a lórí òrùlé ilé ìwé, ó ti bá a lórí igi, ó ti bá a láàárín àwọn àgùntàn bí ẹni tó ń ṣèpàdé pẹ̀lú wọn. Ó fọ abọ́ gan-an láyé rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni Gáàdì kì í wò, ọkọ̀ gáàdì. Kò sẹ́ni tó ní kó má wò ó. Òfin iṣẹ́ ló ti wọ̀ ọ́ lára: èrò kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ gáàdì. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ọmọbìnrin náà máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èrò kún débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí. Ó rìn lọ bá Gáàdì lẹ́yìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ṣófo. Gáàdì ní òfin ni òfin. Orí ìdúró ló wà títí wọ́n fi dé, báàgì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ó fẹ́ ẹ náà ṣá, àmọ́ kò gbàgbé bẹ́ǹṣì yẹn. Bí Gáàdì bá kọ nǹkan fún un nínú ilé, ohun tó máa sọ kò ju, “Mo kúkú mọ̀ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àga tó ṣófo tẹ́ ẹ jẹ́ kí n dúró.” Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ Gáàdì mọ̀ pé ó dùn ún, kò sì fìgbà kan bẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀.

Ní àárọ̀ tí àyà ń dun ìyàwó rẹ̀, takisí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fẹ́ jáde, ó ní òun gbàgbé nǹkan. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú lọ sínú yàrá yẹn, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú òógùn lójú àti ẹ̀rín lẹ́nu. “Tíì yín á tutù lónìí o,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí Gáàdì bá lọ wò ó ní ọsibítù, ìbéèrè kan náà ni.

“Ṣé ẹ ti rí mi?”

“Mi ò tíì rí ọ.”

“Ẹ ò tíì wá ibi tó yẹ ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní kí Gáàdì lọ sílé lọ wẹ̀, kó fi ojú kan oorun díẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá a. Ó ti ṣí òrùlé gbogbo ilé orí tábìlì wò. Ó ti tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò abẹ́ òkè. Ó ti fi abẹ́rẹ́ tú ewé igi kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé ìda ni ó fi lẹ ara rẹ̀, ìda kò sì lè dúró nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bí wọ́n bá gbé tábìlì jáde láìjẹ́ pé ó rí i, ibi tó máa já bọ́ sí ni tirẹ̀ parí sí, táyà ọkọ̀ á sì gorí rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó jẹun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ rẹ̀ dé. Tíṣà ni, Tíṣà náà ni bàbá rẹ̀ sì ń pè é láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Kò tíì mu omi tó fi ká ọwọ́ aṣọ.

“Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, Bàbá?”

Gáàdì kọ́ ọ. Ó fi omi là gọ́ọ̀mù funfun, ó kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i kó lè ṣàn wọ àárín òkúta, ó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń rọra kán an sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Wọ́n po ìbejì fún ẹsẹ̀ afárá. Tíṣà di afárá mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ṣé kò tíì gbẹ?”

“Kò tíì gbẹ.”

“Báyìí ńkọ́?”

“Ìwọ ọmọ yìí, báwo lo ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n bá wọ kíláàsì náà lo máa ń ní kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú yàrá yẹn. Lẹ́yìn náà ló rí bàbá rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lórí tábìlì, tó ń yọjú wo abẹ́ afárá.

“Kí lẹ̀ ń wá, Bàbá?”

“Mi ò wá nǹkan kan. Mò ń yẹ iṣẹ́ wò ni.”

Ó yẹ kó sọ fún un. Àmọ́ eré àwọn méjèèjì ni, kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ọmọ ẹni láìsunkún. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó lọ dágbére fún onílé, ìyẹn sì dá a dúró lórí ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa padà, Tíṣà ti parí iṣẹ́, ó ti gbálẹ̀, ó ti fi aṣọ bo tábìlì nítorí eruku.

“Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pa,” ó ní. “Ẹ lọ sùn.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Gáàdì ká aṣọ náà kúrò, ó sì rí i. Fèrèsé ọkọ̀ gáàdì ti funfun láti inú wá, gbogbo rẹ̀ pátá. Èyí tó mọ́ gaara lánàá ti dà bí ojú afọ́jú.

“Tíṣà!”

Tíṣà sáré wọlé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu.

“Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?”

“Èmi ni. Òrùlé rẹ̀ ti ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé yóò fò lọ lójú ọ̀nà, ni mo bá—”

“Kí lo fi lẹ̀ ẹ́?”

“Súpà gúlù. Mo rí i nínú dúróò Màmá ní kíṣìnì.”

“Háà! O ti fọ́ ọ lójú! Èéfín gọ́ọ̀mù yẹn ló ń ṣe é, ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá mọ́ gaara. Ta ló rán ọ? Mo ní funfun, mo ní ìbejì, ṣé o gbọ́ kí n dárúkọ súpà gúlù? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ènìyàn kúrò níbì kan, ó ti bàjẹ́!”

Tíṣà yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n.

“Ẹ ò sọ fún mi, Bàbá. Ẹ kì í sọ nǹkan kan fún mi. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, tábìlì yìí lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi náà ni! Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí rí bó ṣe rí. Ẹ ò bi mí ohun tó sọ.”

Gáàdì wá àga, ó jókòó. Ohun tí ọmọ náà sọ kò ní àríyànjiyàn.

“Kí ló sọ?” ó béèrè.

“Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni. Mo rò pé ibà ló ń mú un sọ̀rọ̀, ni mi ò fi sọ fún yín.” Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ó ní, ‘Sọ fún Gáàdì pé òfin wọn ló dí wọn lójú.’ Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n rí i pé mo sọ fún yín. Lẹ́yìn náà ni kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.”

Gáàdì jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀, kò sì rí i. Òfin wo? Òfin kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ máa ń fi pa á láyò.

“O ní òrùlé rẹ̀ ti ṣí kí o tó dé ibẹ̀?”

“Ó ti ṣí díẹ̀. Bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí i tí kò sì pa á dé dáadáa.”

Òrùlé yẹn kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ó ní ìkọ́ kéékèèké tó máa ń dún kẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì gba agbára díẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn kò ní lágbára tó láti tẹ̀ ẹ́ dé. Gáàdì dìde. Ó yọ ọkọ̀ gáàdì lẹ́yìn àwọn tó kù, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé yàrá níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Tíṣà fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé e lábẹ́.

Nínú funfun yẹn, ó rí búlúù. Òun nìyẹn, bó ṣe lẹ ara rẹ̀ sí. Nísàlẹ̀ díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, lórí bẹ́ǹṣì, ó rí yẹ́lò.

“Pásẹ́ńjà,” ó pè é. “Pásẹ́ńjà mi.”

Ó wá bú sẹ́kún. Kò sunkún ní ọsibítù, kò sunkún lójú ibojì, àmọ́ lẹ́bàá fèrèsé yẹn ó sunkún bí ọmọdé, Tíṣà sì gbá a mú láìmọ ìdí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ tíì, ó sọ ọ̀rọ̀ abọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó wú. Gbogbo rẹ̀ ló sọ.

“Ó mọ̀ pé òun ò ní padà,” Gáàdì ní. “Ó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó sì wá wọ ọkọ̀ mi. Mo ń wá a kiri, mo ń tú igi, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí i, mo wá bo ojú rẹ̀.” Tíṣà ti ń wo kiri. “Ẹ jẹ́ n sáré lọ bá Onígọ́ọ̀mù. Kò ní ṣaláìní nǹkan tó ń tú u.”

“Ohun tó bá tú gọ́ọ̀mù yẹn á tú ike náà. Òun náà ike ni. Á yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ká wá fi ọ̀bẹ gé òrùlé rẹ̀.”

Gáàdì ronú sí ìyẹn. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́ fóòmù, ó gbé ojú rẹ̀ lé ibi tí òrùlé ti kan ògiri ọkọ̀. Ó fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó fẹ́ rí i ju bí ó ti ń fẹ́ jẹun lọ. Bó bá tẹ ọ̀bẹ yẹn mọ́lẹ̀, òrùlé á ya, bẹ́ǹṣì á sì bá a lọ, torí ara ògiri ni bẹ́ǹṣì náà wà. Ó yí ọkọ̀ náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì tẹ́tí. Nǹkan kan kò mì nínú rẹ̀. Ìda ṣì dì í mú níbi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jókòó sí.

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

“Ó ti dúró tó,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Jẹ́ kó jókòó.”

Àwọn aládùúgbò bá wọn gbé tábìlì jáde, ó tú sí méjì gẹ́gẹ́ bí Gáàdì ti ṣe é, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí Tíṣà yá wá. Nǹkan kan kò já bọ́. Gáàdì kò fi ọkọ̀ gáàdì sórí tábìlì. Ọwọ́ ló fi gbé e, ó sì ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ.

“Bàbá, ẹ wá jókòó níwájú lọ́dọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́. Eruku á pa yín.”

“Ìwọ rí gáàdì tó ń jókòó níwájú rí?”

Tíṣà wò ó, ó wo ohun tó gbé sórí itan, kò sì tún bá a jiyàn mọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ lọ mú ìrọ̀rí kan wá, ó fi sí i lẹ́yìn. Ó wá wọ iwájú, ó ń wa ọkọ̀ lọ.

Ní ìkángun òpópónà, níwájú ṣọ́ọ̀bù Onígọ́ọ̀mù, Tíṣà dúró kí ọkọ̀ mìíràn lè kọjá. Onígọ́ọ̀mù rí wọn. Ó fi oníbàárà sílẹ̀, ó sáré jáde.

“Ẹ ti ń lọ nìyẹn! Ẹ ò dágbére fúnni! Ìyáàfin ńkọ́, ṣé iwájú ni wọ́n wà? Ẹ jẹ́ n lọ kí wọn.”

“Dúró,” Gáàdì ní.

Onígọ́ọ̀mù dúró.

“Mo purọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ti kú.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò pa á. Onígọ́ọ̀mù ṣí fìlà kúrò lórí, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ó wo ọkọ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ funfun, ó mọ gọ́ọ̀mù tó ṣe é. Ó tún wò ó dáadáa, ó sì rí yẹ́lò tó hàn bàìbàì. Obìnrin náà ti mú ère yẹn wá fi hàn án rí lórí kántà rẹ̀.

“Ìda tí mo ń tà fún wọn,” ó béèrè níkẹyìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, “ṣé ó dì?”

“Ó dì,” Gáàdì fèsì.

Ojú ọ̀nà ti dá. Síbẹ̀ ọkọ̀ kò lọ. Tíṣà ń wo bàbá rẹ̀ nínú díńgí, kò tẹ iná, kò fọn fèrè, ó kàn ń dúró dè é. Gáàdì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bó ti máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ kan bo òrùlé ọkọ̀ gáàdì lórí itan rẹ̀. Ó gbé ìkejì sókè, ó júwọ́.